Dúsà Tí A Fi Fọ Ẹ̀rọ

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Kẹrin

Ẹja lílọ̀ tí a fi ń po oúnjẹ adìẹ tún ti gbówó lórí, sóyà náà sì tẹ̀lé e. Ọmọ mi Hephzibah ti ọjà Ṣáṣá dé lọ́sàn-án yìí pẹ̀lú àpò mẹ́ta dípò mẹ́wàá. Ó jókòó sórí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn oúnjẹ adìẹ, bí ẹni pé kí a wọn òun náà tà. Ó ní, "Dádì, bó bá ń lọ báyìí, a máa ti mílì yìí pa kí Iléyá tó dé."

Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn wọ gọ́tà ní odò ẹran, oúnjẹ adìẹ ni. Adìẹ tó ń kú lóko àwọn oníbàárà wa, tí wọ́n ń jù sí ààtàn, oúnjẹ adìẹ ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíga bí a ṣe ń sè é, bí a ṣe ń fún omi rẹ̀ dànù, bí a ṣe ń sá a tí a sì ń lọ̀ ọ́. N kò fi ọwọ́ ara mi ṣe é rí.

"Ṣé kò léwu?"

"Ta ló bí ọ?" ni mo fi dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn pé mo pa á lẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Karùn-ún

Ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n a ṣiṣẹ́. Godswill, tó ń bá wa mójú tó ẹ̀rọ, gbé dúrọ́ọ̀mù méjì kaná lẹ́yìn ilé: ẹ̀jẹ̀ nínú ọ̀kan, òkú adìẹ nínú èkejì. Òórùn rẹ̀ gba àdúgbò. Kò pẹ́ tí Alhaja Hàbíbátù fi yọjú lókè ògiri.

"Bàbá Hephzibah, kí lẹ̀ ń sè? Àwọn àgbò mi ti ń sín o!"

"Ọbẹ̀ ni, Alhaja. Ẹ wá bu tiyín."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọbẹ̀ tó ń rùn bí ibojì?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń bá ara wa ṣàwàdà lórí ògiri yẹn. Nígbà tí Morónkẹ́ ìyàwó mi ń ṣàìsàn tó gbé e lọ, obìnrin yìí ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ nígbà tí èmi kò lè wò ó. Láti ìgbà tí ọkọ tirẹ̀ ti kú, àgbò ló ń sìn fún Iléyá. Òun ló fi rán Abdulganiyy ọmọ rẹ̀ níléèwé. Mẹ́sàn-án ló so mọ́lẹ̀ lọ́dún yìí.

Igi ìdáná ti wọ́n. Nígbà tí dúrọ́ọ̀mù hó dáadáa, mo ní kí Godswill fa iná jáde. Ó yẹ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí iná. Mo mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 5

Òjò láti ìdájí. Ohun tí a sá sórí tapólì kò gbẹ. A kó o wọlé, a fi fáànù fẹ́ ẹ títí iná fi lọ.

Ẹtì, 9

Àwọn oníbàárà ń yin oúnjẹ tí a lọ ohun yẹn mọ́. Ọkùnrin kan láti Ìpàjà ní àwọn adìẹ òun sáré sí i bí àwọn ọmọ ṣe ń sáré sí ìrẹsì ọjọ́ Kérésìmesì. Hephzibah ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì nídìí ẹ̀rọ. Mo wò ó láti ẹnu ọ̀nà, mo sì rò nínú ara mi pé mo ti gba ilé mi là.

Godswill ti ọwọ́ bọ inú àpò, ó bu díẹ̀, ó ní, "Bàbá, àwọn adìẹ yìí ò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń jẹ o."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ní báyìí tí mo ń kọ ọ́, n kò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ń rìn lára mi bí kòkòrò.

Àbámẹ́ta, 17

Iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ tí ń po oúnjẹ ń yí lọ́wọ́, dísẹ́ẹ̀lì sì ti tán. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kù síbẹ̀. Òrùlé ń jò sí i láti igun. Mo gbé báfù sí i, báfù náà kún.

Ìṣẹ́gun, 20

Kò síná. Òjò. Òórùn kan wà nínú mílì tí n kò fẹ́ràn.

Ọjọ́bọ̀, 22

Iná dé. Alhaja fẹ́ kí a po dúsà, ìyẹn èèrí àgbàdo gbígbẹ, pẹ̀lú kúlíkúlí àti iyọ̀ fún òun, kí àwọn àgbò rẹ̀ lè sanra dáadáa kó tó di ọjọ́ ọdún. Bí ẹ̀rọ bá ti po ohun tó ní ẹran tàbí ẹ̀jẹ̀ nínú, a kì í fi po ti àgbò láìfọ̀ ọ́. Dúsà náà la fi ń fọ̀ ọ́: a ó dà á sínú rẹ̀, a ó jẹ́ kó yí, a ó sì sun ohun tó bá jáde. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ iléèwé: ẹran tí ń jẹ koríko kò gbọdọ̀ jẹ ẹran.

A fi àpò dúsà méjì fọ̀ ọ́. Ohun tó kọ́kọ́ jáde dúdú, ó dì bí ẹ̀kọ tó ti bàjẹ́. Ìyókù mọ́ lójú.

Hephzibah ní, "Ṣé kí n ní kí Godswill lọ sun ún?"

Mo wo àpò méjèèjì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní, "Ṣa àwọn dúdú yẹn kúrò, kí o fi ìyókù kún ti àgbò."

"Dádì, àbí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé..."

"Ẹran tó ní ikùn mẹ́rin, kí ni kò lè lọ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn dúdú náà. Ohùn yẹn ni mo fi ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́ láti ìgbà tí mo ti di olùkọ́.

Àìkú, 25

A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni, aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn mi, nígbà tí Alhaja pè mí lókè ògiri. Àgbò kan ti dùbúlẹ̀. Kò ké, kò yọ ìfófòó lẹ́nu, kò gbọ̀n. Ó kàn na ọrùn sílẹ̀ bí aṣọ tútù. Ojú rẹ̀ là, ó ń wò mí. Mo la ẹnu rẹ̀, mo fa ahọ́n rẹ̀. Ahọ́n náà kò padà sínú. Ó ń mì lọ́wọ́ mi.

Mo dá àìsàn náà mọ̀. Mo ti fi àwòrán rẹ̀ han ọ̀pọ̀ ọmọ. Oró tó ń ti ara òkú ẹran tí kò jinná jáde ni, tí ọ̀rinrin bá dé bá a.

"Kí ló ṣe é, Bàbá? Ẹ̀yin lẹ kàwé."

"Kí ni wọ́n jẹ?"

"Dúsà tiyín, àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí Títí alágàrí ń kó fún mi."

Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù máa ń pa ẹran."

Òtítọ́ ni gbólóhùn náà. Irọ́ ni mo fi pa.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, orúnkún àgbò kejì yẹ̀. Abdulganiyy pariwo, "Ọ̀bẹ! Ẹ gbé ọ̀bẹ wá, kó tó di òkú ńbété!" Ó dá a dùbúlẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ó dárúkọ Ọlọ́run, ó dú u. Àgbò náà kò jà. Ó ń wò wá títí tó fi parí.

Ìyá rẹ̀ ní àwọn máa ta ẹran náà, kí àdánù má baà pọ̀ jù. Mo dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun, n kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ajé, 26

Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń gbọ́ wọn níbi tí Títí ti ń yan gàrí.

"Títí! Kí lo fi sínú èèpo tí o kó fún mi?"

"Alhaja, èèpo tí ewúrẹ́ mi ń jẹ náà ni. Ẹ wò ó, ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí!"

"Tìrẹ jẹ ẹ́, kò kú. Tèmi jẹ ẹ́, ó kú. Ìwọ náà rò ó wò."

"Háà! Ṣé ẹ fẹ́ sọ pé àjẹ́ ni mí ni? Ẹ sọ ọ́ síta, kí gbogbo Ìgàndó gbọ́!"

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ jàre. Bàbá Hephzibah ló sọ ọ́, ẹni tó kọ́ ìwé ẹran."

Igbá tí Títí fi ń ro gàrí nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ń ha agbada.

Lọ́sàn-án, mo lọ kó ìyókù dúsà kúrò nínú ilé àgbò. Mo ní kí wọ́n fún wọn ní koríko nìkan, kí ikùn wọn lè sinmi. Alhaja dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní kí Ọlọ́run bá òun dá mi sí. Mo gbé àpò náà rù. Ó wúwo ju bó ṣe yẹ lọ.

Nírọ̀lẹ́, òun àti Abdulganiyy tẹ́ ẹran àgbò náà sórí tábìlì ní oríta. Èèyàn ń rà á. Mo gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n kí mi, mo dáhùn.

Ìṣẹ́gun, 27

Méjì mìíràn ti ṣubú. Abdulganiyy ti pọ́n ọ̀bẹ sílẹ̀.

Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń yí nínú mílì. Mo lọ wò ó. Kò síná láti àárọ̀, ara ẹ̀rọ tutù. Mo padà wọ yàrá, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Hephzibah wá bá mi ní yàrá.

"Dádì, dúsà yẹn ni, àbí?"

Morónkẹ́ máa ń sọ pé mo lè tọrọ ohun gbogbo lọ́wọ́ Ọlọ́run, àmọ́ n kò lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tó ń kú lọ, ó wo ẹnu mi, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan. Sáàmù ni mo kà fún un.

"Dúsà yẹn ni," ni mo wí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní, "Bí a bá sọ ọ́, ta ni yóò tún ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ? Mílì rẹ ni mò ń rò."

"Dádì, èèyàn ń jẹ ẹran yẹn." Ó dìde. "Tí ẹ ò bá lọ sọ ọ́ lónìí, èmi á lọ lọ́la."

N kò lọ lónìí.

Ọjọ́rú, 28

Mo lọ kí Hephzibah tó lọ. Alhaja ń fi kọ́ọ̀pù bomi sẹ́nu àgbò karùn-ún, tí kò lè gbé e mì. Omi náà ń dà jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òkú adìẹ, iná tí mo ní kí wọ́n fà jáde, òjò, dúsà tí a fi fọ ẹ̀rọ, Títí. Mo retí kí ó pariwo. Ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀.

"Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ Àìkú?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ dúró tì wá, Abdulganiyy dú u lójú yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo ti tà á, Bàbá. Mo ti tà á fún àwọn èèyàn." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ. Ibi tí mo ti bú Títí lẹ ti máa tún un sọ."

Mo tún un sọ níbẹ̀, níwájú àwọn tó ń kọjá. Mo dọ̀bálẹ̀. Títí ju igbá ọwọ́ rẹ̀ nù, ó ń fẹ̀yìn rìn. "Ẹ dìde, Bàbá! Àgbàlagbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún irú mi, àbí ẹ fẹ́ kí n kú ni?" Ó ń sunkún. Ó ní láti ọjọ́ Ajé kò sẹ́ni tó ra gàrí lọ́wọ́ òun, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń sá fún òun. N kò mọ̀ bóyá ó dárí jì mí. N kò béèrè.

Láti ibẹ̀ a lọ láti ilé dé ilé. Abdulganiyy mọ ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ẹran náà. Ìyàwó ilé kan da odindi ìkòkò ọbẹ̀ sí gọ́tà, kò sì wò mí. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gideon jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi igi tayín. "Ẹran wo? Bàbá, mo ti jẹ ẹ́ lánàá, ó sì dùn gan-an. Ṣé kí n bì í ni?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ìpéǹpéjú rẹ̀ bóyá ó ń wálẹ̀, torí ibẹ̀ ni oró náà ti máa ń kọ́kọ́ hàn lára èèyàn.

A rí gbogbo wọn, àfi ẹnì kan. Alhaja fúnra rẹ̀ ló tà á fún un: itan kan, fún ọkùnrin tó dé fìlà búráùn, tó fa ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́. Wọ́n kọjá síbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n.

"Ó ní ọmọ náà fẹ́ràn ẹran àgbò," ni Alhaja wí.

Ọjọ́bọ̀, 29

Dókítà Richard, dókítà ẹran, wá. A gbẹ́ kòtò jíjìn, a sin àwọn tó kú. Mẹ́rin ló kù lórí ìdúró. Ó ní kí Alhaja má tà wọ́n fún ọdún yìí.

Mo bi í léèrè nípa èèyàn. Ó ní, "Ó ṣeé ṣe kó má ṣe wọ́n ní nǹkan kan, sà. Àwọn tó jẹ ẹ́ níbí ṣì ń rìn."

"Ọmọdé ńkọ́?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Mi ò lè búra, sà."

Ẹtì, 30

Wọ́n ní inú ń run Gideon. Mo sáré dé ilé rẹ̀, bàtà mi kan já lójú ọ̀nà. Mo bá a nílẹ̀, ó di ikùn mú. Mo la ẹnu rẹ̀ láìtọrọ ààyè, mo fa ahọ́n rẹ̀. Ó fà á padà, ó gbá mi lọ́wọ́ dànù. "Kí lẹ̀ ń ṣe, Bàbá? Ẹ̀wà àná ni jàre! Ìyàwó mi ò sè é jinná!"

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló bu omi fún mi mu.

Àbámẹ́ta, 31

Hephzibah fi àgádágodo ti mílì. Ó pe gbogbo oníbàárà lórí fóònù, ó ní kí wọ́n sun oúnjẹ wa tó bá kù lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan bú u títí. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣeun, sà." Mo ń gbọ́ ọ láti yàrá. Hephzibah kò bú èmi. Ì bá bú mi.

Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Wọ́n ní kí n ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Mo dìde, mo rí gbogbo ojú tó là tó ń wò mí, mo sì jókòó padà. Wòlíì rò pé ojú ń ro mí.

Ìṣẹ́gun, 3

Òjò. Àwọn adìẹ tó jẹ oúnjẹ wa kò kú. Wọ́n ń yé. Ara mi kò gba ẹyin mọ́.

Ẹtì, 6

Iléyá. Mo gbọ́ ohùn àwọn tó ń bọ̀ láti yídì. Òórùn ẹran dídín gba gbogbo Ìgàndó. Lẹ́yìn ògiri wa, ìdákẹ́. Lọ́dọọdún, abọ́ Alhaja ló máa ń kọ́kọ́ wọ ilé wa. Kò sí ohun tó lè fi sínú abọ́ lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 9

Mo tún lọ jókòó níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ti di ìṣe mi. Fìlà ni mò ń wò. Fìlà búráùn pọ̀ láyé ju bí mo ṣe rò lọ. Mo pe ọkùnrin kan, ó yíjú, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Ó rò pé owó ọkọ̀ ni mò ń wá. Ó fi igba náírà sí mi lọ́wọ́, ó sì lọ.

Ọjọ́rú, 11

Mo lá àlá ọmọ náà. Ó na ọrùn sílẹ̀, ojú rẹ̀ là.

Àbámẹ́ta, 14

Alhaja wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó jọ pé Hephzibah ló rán an. Láti ọjọ́ tí a ti lọ láti ilé dé ilé, ìkíni nìkan ló ń bá mi sọ, ìyẹn náà kò gùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Òjò ń bọ̀."

"Ẹ máa lọ, Alhaja. Bí ọkùnrin náà bá wà lálàáfíà, yóò gba ibí kọjá lọ́jọ́ kan."

"Tí ẹ bá rí i, kí lẹ máa sọ fún un?"

"N kò mọ̀. Mo kàn fẹ́ rí ọmọ náà, kó máa rìn."

Alhaja tú ìborùn rẹ̀, ó tún un wé.

"Ẹ ò lè dá a mọ̀," ni ó wí. "Ẹ ò rí ojú ẹ̀ rí. Fìlà lásán lẹ̀ ń wò. Èmi ni mo tà á fún un."

Ó fi ọwọ́ gbá eruku orí pákó tí mo jókòó lé, ó ní kí n sún. Mo sún, ó jókòó. Ọkọ̀ kan dúró, ó ń já èèyàn sílẹ̀. Alhaja ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń wo ojú tirẹ̀.